Aṣọ Tí Wọ́n Ní Kó Ya

Bí ẹ bá fẹ́ kí aṣọ ya lójú kámẹ́rà, kó ya bí ẹni pé ìbínú gidi ló fà á, ẹnì kan ṣoṣo lẹ máa wá lọ nínú gbogbo ilé iṣẹ́ eré yẹn. Ẹ ó gba ẹ̀yìn wọlé, ẹ ó kọjá yàrá tí wọ́n ń kó wáyà sí, òórùn aṣọ tútù lábẹ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná á kí yín káàbọ̀, ẹ ó sì bá obìnrin gíga kan tó tẹrí ba níbi máṣíìnì, tí téèpù ìwọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é. Àwọn tó kéré sí i á fi àǹtí ṣáájú. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń ránṣọ fún eré orí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ má rò pé aṣọ tó ń ya jẹ́ aṣọ tí wọn ò rán dáadáa. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì dùn ún wò. Abẹ́rẹ́ á kọ́kọ́ rán odindi gáùn bí ẹni tó ń rán ti ìyàwó tuntun. Lẹ́yìn náà á wá tú ẹ̀gbẹ́ kan, á fi òwú ẹyọ kan rán an padà, á jẹ́ kí ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń wọlé jìnnà síra, á ta kókó sí ìsàlẹ̀, á sì fi orí òwú sílẹ̀ lókè láìta á. Fà á lẹ́ẹ̀kan báyìí, fàààà, ó ti ṣí láti ọrùn dé ìbàdí, etí aṣọ á mọ́ roro bí ẹni ṣílẹ̀kùn. Mẹ́ta-mẹ́ta ló máa ń rán irú rẹ̀, torí ìgbàkígbà tí òṣèré bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, aṣọ kan ti lọ nìyẹn. Nílé, tí òun àti ìyá rẹ̀ bá ń wo eré, tí aṣọ ẹnì kan sì ya níbi ìjà, á fọwọ́ lu àyà, á ní, “Èmi ni mo ya ìyẹn.” Ìyá rẹ̀ á ní, “Mo rí ọwọ́ rẹ níbẹ̀.”

Ní ọjọ́ Ajé kan, ìwé pélébé kan dé láti ọ́fíìsì ọ̀gá adarí eré. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé: “Gáùn àpèjẹ fún onídìrí. Mẹ́ta. Kó ya láti ọrùn dé ìbàdí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí òwú tó fi ṣe ọmú já bọ́ sílẹ̀, kí gbogbo èèyàn rí i.”

Abẹ́rẹ́ kà á, ó tún un kà. Ó wá nà án sí Bàbá Áyọ́ọ̀nù, bàbá àgbàlagbà tó ń lọ aṣọ nínú yàrá kan náà.

“Wọ́n fẹ́ tú onídìrí inú eré síta,” ni Abẹ́rẹ́ sọ.

“Níbi àpèjẹ?” Bàbá gbé áyọ́ọ̀nù dúró. “Kí ló jí?”

“Kò jí nǹkan kan.”

“Ó pààyàn ni?”

“Kò pa ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn fẹ́ fi hàn pé ọkùnrin ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n bí i.”

Bàbá Áyọ́ọ̀nù wo ìwé náà pẹ́. “Mo rò pé ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n máa ń ya aṣọ mọ́ lára,” ló wí, ó sì padà sídìí kọ́là tó ń lọ̀.

Eré tí à ń sọ yìí, agogo méje ìrọ̀lẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Opó kan ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta. Láti bí oṣù mẹ́rin, onídìrí kan ti kó dé àdúgbò wọn, obìnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti rẹ́rìn-ín tán, bí ẹni tó ń gba àyè kó tó yọ̀. Àkọ́bí opó kó sínú ìfẹ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí kò ṣeré rí, tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ nítorí ohùn rẹ̀, ló ń ṣe onídìrí náà. Wọn kì í kọ orúkọ rẹ̀ sí ìparí eré, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ bá oníròyìn kankan sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ ló ń wọn aṣọ fún un, nítorí náà ó mọ àṣírí tí wọ́n ń pa mọ́, pé ọkùnrin ni wọ́n pe onídìrí nígbà tí wọ́n bí i. Ní oṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, inú Abẹ́rẹ́ ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó rò pé lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti fẹ́ ṣe é bí èèyàn.

Nítorí ẹ wò ó ná. Abẹ́rẹ́ ti ń wo eré láti kékeré, kò sì tíì rí irú èèyàn bíi onídìrí yẹn kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí dáadáa. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀, òkú rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ bá ní balùwẹ̀, kí àwọn ọlọ́pàá lè rí iṣẹ́ ṣe. Bí kò bá kú, òun ló ń pa àwọn yòókù. Bí kò bá pààyàn, á jẹ́ pé ó wọ ṣòkòtò sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì, ohùn rẹ̀ á ṣàdédé ki bí ti ẹni tó ń pe ọkọ̀, àwọn tó ń wò á sì máa gbá ara wọn léjìká. Ọkùnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ á máa bì. Ìbì yẹn gan-an ló máa ń bí Abẹ́rẹ́ nínú jù. Ìgbà wo làwọn ọkùnrin yìí máa bì tán? Kí tiẹ̀ ni wọ́n jẹ? Kò sì rí ọ̀kan rí tí ìyá rẹ̀ ń bá jà nítorí pé ó gbàgbé láti pa iná abẹ́ kẹ́tùlù. Kò rí ọ̀kan tí bàtà tuntun ń ta lẹ́sẹ̀, tó ń wá bọ́ọ̀sì, tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Ó mọ̀ pé wọ́n ń bẹ, torí òun náà ọ̀kan ni. Ọmọkùnrin ni wọ́n kéde nígbà tí wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ kọ́ ọ ní abẹ́rẹ́ láti ìgbà tó ti ń ṣa pín-ín-nì lábẹ́ tábìlì. Ìgbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé obìnrin ni òun, òun ò sì lè máa fi ara òun pamọ́ mọ́. Bàbá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó nawọ́ sí ìta. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn bàbá, kò sọ nǹkan kan. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni kò fi sọ nǹkan kan. Nígbà tí bàbá kú, tí orúnkún ìyá sì daṣẹ́ sílẹ̀, Abẹ́rẹ́ lọ gbé e wá sọ́dọ̀.

Ní ọdún àkọ́kọ́, “ìwọ yìí” ni ìyá ń pè é. Ní ọdún kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá síìpù tó bá ẹ̀wù rẹ̀ mu. Ní ọdún kẹta, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí ìwé pélébé yẹn tó dé, wọ́n jọ lọ yẹ ojú ìyá wò. Nọ́ọ̀sì bi í pé, “Màmá, ta lẹ bá wá?” Ìyá ní, “Ọmọbìnrin mi ni.” Bẹ́ẹ̀ náà ló wí, ó tún ń wá àpamọ́wọ́ rẹ̀ kiri bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, ó bọ́jú lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jáde.

Ta ló tún wá fẹ́ràn onídìrí inú eré yẹn ju ìyá yìí lọ? Lójoojúmọ́ tí eré bá parí, á pe nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sójú tẹlifíṣọ̀n fún àwọn òǹwòran, á ní kí wọ́n bá òun kí onídìrí. Obìnrin tó ń gbé fóònù níbẹ̀ ti sọ ọ́ ní Màmá Méje Àbọ̀.

“Onídìrí yẹn jọ ẹ́,” ni ìyá sọ fún Abẹ́rẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

“Kí lẹ rí tó jọ mí lára rẹ̀?”

“Bó ṣe ń mu tíì. Á fẹ́ ẹ, á fẹ́ ẹ, á tún wá máa ṣàròyé pé ó ti tutù.”

Ẹ ti rí ibi tí bàtà ti ń ta Abẹ́rẹ́ lẹ́sẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni òun àti ìyá rẹ̀ fi rán ohun tó wà láàárín wọn, kò sì dá a lójú irú òwú tí ìyá fi rán apá tirẹ̀. Bí wọ́n bá tú onídìrí síhòòhò ní agogo méje ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n pè é ní ẹlẹ́tàn, tí ọlọ́pàá mú un lọ, ojú wo ni ìyá máa fi wo ọmọ tó jókòó tì í?

Ó gòkè lọ bá ọ̀gá adarí eré. Ọ̀gá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ ìtàn eré náà, àwọn méjèèjì ń jẹ bisikíìtì nínú ọ̀rá kan náà.

“Ọ̀gá, nípa gáùn onídìrí,” ni Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀. “Ṣé kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni? Kí wọ́n jókòó, kó sọ fún un.”

“Abẹ́rẹ́, jíjókòó ò ṣeé wò,” ni ọ̀gá dáhùn. “Àwọn èèyàn fẹ́ kí ẹnu ya àwọn. Oṣù mẹ́rin la ti ń pa á mọ́ fún wọn.”

Abẹ́rẹ́ yíjú sí òǹkọ̀wé. “Ìwọ, ṣé o ti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rí?”

“Rárá o, Àǹtí.”

“Níbo lo ti wá mọ̀ pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe?”

“Mo ti wo eré tó pọ̀ tí wọ́n wà nínú rẹ̀.”

Ẹ gbọ́ ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó wo eré kó tó kọ eré. Ẹni tó kọ èyí tó wò náà, eré ló wò. Ìran dé ìran wọn ń da irọ́ kan náà látinú ife kan sínú òmíràn, kò sì sí ẹnì kankan nínú wọn tó jáde lọ sójú títì láti lọ bèèrè. Abẹ́rẹ́ wo bisikíìtì ẹnu rẹ̀, ó ní, “Ó dáa,” ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ó jókòó sídìí máṣíìnì. Ó gé aṣọ, ó rán gáùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, aláwọ̀ osàn tó ń dán. Ó dé ibi tó ti yẹ kó tú ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó wo òwú ẹyọ kan tó máa ń fi ṣe ẹ̀tàn, ó tì í padà. Èyí tó mú jáde ni òwú líle tí àwọn tó ń rán báàgì ìrìn-àjò máa ń lò. Ó fi rán ẹ̀gbẹ́ gáùn ní ìlọ́po méjì, ó fi téèpù tín-ín-rín há a nínú, ó tún rán an mọ́lẹ̀. Ó rán òwú àyà náà mọ́ aṣọ inú yípo-yípo, débi pé bí ẹ bá ju gáùn yẹn látorí òrùlé, àyà rẹ̀ ò ní mì.

Bàbá Áyọ́ọ̀nù ń wò ó látẹ̀yìn. “Iṣẹ́ yìí máa pẹ́ láyé o.”

“Ẹ bá mi lọ̀ ọ́, Bàbá.”

Bàbá lọ̀ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ya ìran náà. Wọ́n tẹ́ tábìlì, wọ́n to ife, àwọn tó ń ṣe èrò àpèjẹ dúró síbi tí wọ́n ní kí wọ́n dúró. Màmá Àgbà, òṣèré tó ń ṣe opó, jáde. Apá rẹ̀ le, kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ó bú onídìrí bó ṣe wà nínú ìwé, ó di ọrùn gáùn mú, ó fà á.

Gáùn dúró.

Ó tún fà á. Jẹ́jẹ́ bá gáùn wá síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lé e lórí. Màmá Àgbà fi ẹsẹ̀ kan ti àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó sì wọ́ ọmọ náà kọjá láàárín tábìlì, ife méjì fọ́. Àwọn oníkámẹ́rà ń rẹ́rìn-ín, èjìká wọn ń mì. Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé gáùn kejì wá. Ìkejì náà dúró. Nígbà tí wọ́n fi máa dé orí ìkẹta, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́, torí Jẹ́jẹ́ ti ń sunkún, kì í sì í ṣe ẹkún inú ìwé. Àmì òwú ti hàn ní pupa lọ́rùn rẹ̀.

“Mi ò fà mọ́,” ni Màmá Àgbà sọ, ó jókòó. “Mo ti ń wo ojú ọmọ yìí. Ó dà bíi pé mò ń ja ẹnì kan lólè.”

“Abẹ́rẹ́ dà?” ni ọ̀gá bèèrè.

Abẹ́rẹ́ ti dúró lẹ́yìn iná ńlá látàárọ̀. Ó bọ́ síwájú, téèpù lọ́rùn.

“Kí lo rán?”

“Mo rán aṣọ, ọ̀gá.”

“Mo ní kó ya.”

“Ẹ ní kó ya. Èmi ni mo ní kó má ya.” Ohùn rẹ̀ ò ga, ṣùgbọ́n gbogbo yàrá gbọ́. “Èmi lẹ fẹ́ tú sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ọkùnrin ni wọ́n pè mí nígbà tí wọ́n bí mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń rán ṣòkòtò fún yín, ọ̀gá, kò sí ẹni tó bì.”

 Òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ dúró láàárín.

“Má wulẹ̀ wá a,” ni Abẹ́rẹ́ sọ fún un. “Kò sí ohun tó já bọ́.”

Ọ̀gá pa ojú dé, ó tún là á. “Ṣùgbọ́n o ò jọ wọ́n rárá,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó ń yin ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Abẹ́rẹ́ ju gbogbo yòókù lọ. “Ta ni mi ò jọ? Àwọn tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ?”

Ọ̀gá ní kó máa lọ sílé ná, àwọn á pè é. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ tí wọ́n ń bèèrè abẹ ìfárí lọ́wọ́ ẹni tó ń tún ojú àwọn òṣèré ṣe. Wọ́n fi abẹ gé gáùn kẹta, wọ́n yọ òwú inú rẹ̀, wọ́n kàn gbé e lé àyà Jẹ́jẹ́. Wọ́n wá obìnrin mìíràn láàárín àwọn èrò dípò Màmá Àgbà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kámẹ́rà rí, òun ló fà á. Wọ́n rí ohun tí wọ́n ń fẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ Rú, ìran náà máa jáde. Abẹ́rẹ́ ti wà nílé látọjọ́ yẹn, ó ní ìsinmi ni. Ní agogo mẹ́fà àbọ̀, ó ní, “Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká rìn jáde díẹ̀, kí orúnkún yín lè nà.”

“Ní agogo méje ku ọgbọ̀n? Ṣé ara rẹ yá?”

“Tẹlifíṣọ̀n yìí tiẹ̀ ń ṣe bí ẹni fẹ́ bàjẹ́.”

“Tó bá bàjẹ́, màá wò ó lọ́dọ̀ aládùúgbò. Jókòó, o dí mi lójú.”

Ó jókòó. Ó gbé ife tíì dání, kò mu ún. Eré bẹ̀rẹ̀. Àpèjẹ dé. Onídìrí wọlé nínú gáùn aláwọ̀ osàn, ìyá sì rọra pàtẹ́wọ́. Opó dìde. Ọwọ́ kan jáde, ó fà á, aṣọ ya, òwú funfun méjì bọ́ sílẹ̀. Kámẹ́rà sún mọ́ òwú náà títí ó fi kún ojú tẹlifíṣọ̀n. Àkọ́bí opó bì sínú ìkòkò òdòdó. Ọlọ́pàá dé. Orin ìparí bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà àwọn òǹwòran sì jáde nísàlẹ̀.

Ìyá ò sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà gùn, Abẹ́rẹ́ sì mọ̀ ọ́n, ó ti gbé inú irú rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó gbójú sí ife ọwọ́ rẹ̀.

“Ìwọ kọ́ lo ya ìyẹn,” ni ìyá sọ.

Abẹ́rẹ́ gbójú sókè.

“Tìrẹ máa ń mọ́ létí. Abẹ ni wọ́n fi gé èyí, ó ṣe jágajàga.” Ìyá yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún. “Wọ́n ní kí o rán an, àbí?”

“Wọ́n ní kí n rán an.”

“O wá rán an?”

“Mo rán an kó má ya.”

“Òwú wo?”

“Òwú báàgì.”

“Ìlọ́po méjì?”

“Ìlọ́po méjì. Mo fi téèpù há a.”

“Ó dáa.” Ìyá dé gíláàsì padà. “Àwọn aláìnítìjú. Onídìrí tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Gbé fóònù yẹn fún mi.”

Fóònù dún lápá kejì, obìnrin ọ̀hún gbé e. “Màmá Méje Àbọ̀, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹnu yà yín lónìí, àbí?”

“Ẹnu ò yà mí, inú ló ń bí mi. Mú bírò.” Ìyá na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú. “Kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ní ọmọbìnrin kan. Ọkùnrin la rò pé a bí. Kò tan ẹnikẹ́ni rí, òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún wa, àwa la ò gbọ́. Mi ò fa aṣọ rẹ̀ ya bíi ti opó yín yẹn. Mo kàn dúró lẹ́yìn ọkọ mi, mo dákẹ́ ni, ó sì ná mi ní ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ má fi agogo méje kọ́ ìyá mìíràn ní ohun tó máa ná an bẹ́ẹ̀. Ṣé o ti kọ ọ́?”

“Mò ń kọ ọ́, Màmá.”

“Kà á fún mi.”

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìyá ń gbọ́, ó ń mi orí. Ó wá na ọwọ́ sí ife tó wà lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́, ó fi ẹ̀yìn ìka kàn án.

“Ó ti tutù,” ló wí. “Lọ gbé omi mìíràn kaná. Àwa ò tíì parí níbí.” Ó yí ẹnu padà sí fóònù. “Tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo ti sọ pé ọmọbìnrin mi, mi ò gbọ́ ọ dáadáa.”